Ẹni Tó Mọ Inú Rò Ló Ń Mọ Ọpẹ́ Dá

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ní Sharjah

Ẹ̀yin àgbààgbà wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ọ̀nà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti Dubai gba títì Al Ittihad wá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá dúró lójú ọ̀nà. Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ síbí láì tíì fojú kan oorun.

Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọpẹ́: bí ìdílé ṣe lè rí ohun tí yóò dúpẹ́ sí nínú ilé àti lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá le. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Ọpẹ́ Yorùbá kì í fi ìyà pamọ́. Ó máa ń pe wàhálà lórúkọ, á wo ẹni tó bá wa gbé e, á sì lọ bá olúwarẹ̀ kí i.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. A kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a ti kí yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ìjókòó, ọ̀nà, àmúmọ́ra. Kò sí ìgbádùn kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí Yorùbá bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, á ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó dúró pẹ́, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu. Ẹni tó ṣe ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, ẹ kú ìnáwó. Àwọn baba wa kò ní kí a díbọ́n pé ẹrù kò wúwo. Wọ́n ní kí a wo ẹrù náà dáadáa, kí a sì kí ẹni tó rù ú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Ìrònú ló ń ṣáájú ọpẹ́.

"A DÚPẸ́" TÓ Ń BO ỌGBẸ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé ṣé àlàáfíà ni, ìdáhùn wa ni "a dúpẹ́". Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù mọ̀ pé "a dúpẹ́" lè bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Bí bàbá Yorùbá kan bá wà lórí ibùsùn, tí a ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ara ti ń le?" wọn á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ òógùn ti bo iwájú orí wọn, ọwọ́ wọn sì wà ní àyà. A ó jókòó tì wọ́n, a ó ní, "A bá yín dúpẹ́, bàbá. Níbo gan-an ló ń dùn yín?" Ìgbà náà ni òtítọ́ tí dókítà nílò á tó jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láwùjọ wa. Bàbá tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù méjì, tó ṣì ń múra jáde láràárọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ̀, bí a bá pàdé rẹ̀ ní Rolla, "a dúpẹ́" ni yóò wí. Ìyá ọmọ tuntun tó ń sunkún lóru, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún, "a dúpẹ́" ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọpẹ́ ṣe ìbòjú. Bí ẹkún àti ìbànújẹ́ ìyá ọmọ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ dókítà ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ lọ yẹ ara yín wò bí kò tilẹ̀ sí ibi tó ń dùn yín. Ìṣòro iṣẹ́ àti owó ilé, ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan ṣoṣo tí ẹ fọkàn tán nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí kò sọ pé ẹrù wúwo, ta ni yóò bá a sọ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin aya pẹ̀lú. Bí aya bá ní ó rẹ òun, tí ọkọ dáhùn pé, "Ìwọ ò mọpẹ́, ṣé o mọ iye ènìyàn tó ń wá físà ibí tí wọn kò rí?" ọkọ kò kọ́ aya lọ́pẹ́. Ó kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni. Bí ọkọ náà bá ní ọ̀gá òun ń fojú òun gbolẹ̀, tí aya ní kó ṣáà dúpẹ́ pé ó níṣẹ́, ohun kan náà ni. Ẹ kọ́kọ́ kí ara yín kú àmúmọ́ra. Lẹ́yìn náà, ọpẹ́ á wá fúnra rẹ̀.

ÒJÒ ỌDÚN 2024

Kò sí ẹni tó wà níbí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, 2024, tó lè gbàgbé ọjọ́ náà. Láti 1949 tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ òjò ní ilẹ̀ yìí, irú rẹ̀ kò rọ̀ rí. Ní Khatm Al Shakla lágbègbè Al Ain, omi tó já lulẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé tó 254 mìlímítà. Ní pápákọ̀ òfurufú Dubai, ọkọ̀ òfurufú ń wọ́ nínú omi bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn ọmọ wa kò lè lọ sí ilé ìwé, inú ilé ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́.

Ní Sharjah yìí, òjò dá, omi kò lọ. Ojú àgbàrá ìlú aṣálẹ̀ kò ṣe fún òjò tó tó bẹ́ẹ̀. Ní Al Majaz, ní Al Qasimia àti lápá títì King Faisal, omi dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Nínú àwọn ilé gíga kan, iná lọ, lífìtì kú, omi ẹ̀rọ dá. Àwọn tó ń gbé àjà kẹẹ̀ẹ́dógún ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti gálọ́ọ̀nù omi lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti fi ọdún mẹ́rin san gbèsè rẹ̀ rì sínú omi lójú ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè délé, àwọn tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ṣe ti ọ̀sán mọ́ ti òru.

Kí ni a fẹ́ dúpẹ́ sí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ ìdílé kan nínú wa. Bàbá ilé náà ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló ń lò. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ló ń gbé, níbi tí òtútù rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Iná ti lọ ní ilé wọn, ooru sì ti ń mú. Ìdílé ará Kerala kan ń gbé ní ilé tó dojú kọ tiwọn, iná ṣì wà níbẹ̀. Wọn kì í ju ọwọ́ síra wọn lọ tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin ilé náà la omi kọjá, omi tó dé ìbàdí, ó gba ínsúlínì náà sínú kúlà kékeré, ó gbé e lọ sínú fíríìjì ìyá rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò tí bàbá máa ṣí òmíràn, ó tún la omi náà padà.

Nígbà tí omi gbẹ, ìdílé yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àdúrà nìkan. Ìyá ilé se mọ́ínmọ́ín, bàbá wọ agbádá, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará Kerala kò gbọ́ Yorùbá, tiwa náà kò gbọ́ Màláyálámù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé tọ̀tún-tòsì. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá ti ilé ìwé dé tí ìyá rẹ̀ kò tíì dé láti ibi iṣẹ́, ó ní ibi tó ń dúró sí.

Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní "ẹ ṣé àná" nìyẹn. Nílé, ẹni tí a bá ṣe lóore lónìí, ilẹ̀ kì í mọ́ tán lọ́la tí yóò fi wá sí ẹnu ọ̀nà olóore rẹ̀. Ó ti dúpẹ́ lánàá, ó tún wá. Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò sì dúpẹ́, wọ́n fi í wé olè tó kóni lẹ́rù lọ. Èyí kò tako ẹ̀sìn wa. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ̀kọ́ Ànábì so ọpẹ́ Ọlọ́run mọ́ ọpẹ́ ènìyàn. Ẹ̀yin Kristẹni mọ ìtàn àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n rí ìwòsàn: ẹyọ kan ló padà wá. A dúpẹ́ ní mọ́sálásí, a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn òjò yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní nátúùrù níbí, tó ń gbé omi gun àtẹ̀gùn fún àwọn arúgbó, mélòó nínú wa ló padà lọ kí i? Àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi kékeré pín oúnjẹ láti ilé dé ilé ńkọ́? Bí a kò bá tíì kí wọn, àyè ṣì wà. Ẹ ṣé àná kì í bà jẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÌYÁ ÀGBÀ KÒ LÈ WÁ

Ohun kejì tó kọ́ wa lọ́gbọ́n ni ọ̀nà ilé tó dí. Ní oṣù kẹta 2020, nítorí àrùn Kòrónà, Nàìjíríà ti pápákọ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè, UAE náà dá ti rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, wọ́n sé Dubai mọ́lé tọ̀sán-tòru fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó há síbí padà sílé tó balẹ̀ sí Èkó, èrò inú rẹ̀ sì ju 250 lọ. Nígbà tí a rò pé ó ti tán, ní oṣù kẹwàá 2022, wọ́n dá físà dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ọkọ̀ òfurufú Emirates náà sì dáwọ́ ìrìn àjò Èkó dúró. Oṣù keje 2024 ni wọ́n kéde pé físà ti ṣí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Emirates tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí Èkó.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ láàárín ìgbà náà, ẹ mọ ohun tí a ń sọ. Nílé, bí ọmọ bá bímọ, ìyá rẹ̀ á di ẹrù, á wá wẹ ọmọ, á fi omi gbígbóná tọ́jú ara ìyá ọmọ, á se ọbẹ̀ tó ta, á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kó lè sùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ń sunkún lórí fóònù ní Ìbàdàn, ọmọ ń sunkún ní Al Nahda.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa dìde. A pín ọjọ́ láàárín ara wa. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ti ọsibítù ń lọ wo ojú abẹ àti ìwọ́ ọmọ, a ń wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Àwọn tí ọwọ́ wọn dá nínú ọbẹ̀ ń se ọbẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú wa, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 60, ń wọ bọ́ọ̀sì láti Al Jubail lọ sí Union, láti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn, kí wọ́n lè wẹ ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ọmọ wọn. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, wọ́n ń sáré kiri. Ẹ̀yin òbí wọn, ẹ pè wọ́n, kí ẹ fi ìyá náà hàn wọ́n, kí wọ́n mọ ọwọ́ tó kọ́kọ́ wẹ̀ wọ́n.

Àwọn ọkọ náà kọ́ ohun tí wọn kò mọ̀. A rí ọkùnrin tó ń fọ aṣọ ọmọ, tó ń pọn ọmọ sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè fojú kan oorun. Àwọn ọ̀rẹ́ kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kú iṣẹ́ ni kí ẹ kí wọn. Ẹ̀yin aya pẹ̀lú, bí ọkọ bá fọ abọ́ tí kò mọ́ tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ kí i fún èyí tó fọ̀ kí ẹ tó fi ìdọ̀tí tó kù hàn án.

Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ojú lójú mọ́. A ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ takisí, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbé oúnjẹ wá láti ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró fún wákàtí 12 lẹ́nu iṣẹ́, tó tún dúró nídìí ààrò, a jókòó, a jẹun, a dìde. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, ọmọ kì í dìde nídìí oúnjẹ láì ní "Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà," ìyá á sì dáhùn pé, "Yóò gba ibi ire." Àdúrà ni ìdáhùn yẹn. Ẹ dá a padà sínú ilé yín. Kì í ṣe ọmọ nìkan ni kó sọ ọ́. Kí bàbá sọ ọ́ kí ọmọ gbọ́. Ọmọ tí a bí síbí lè má gbọ́ òwe, ṣùgbọ́n ohun tó bá rí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò ṣe.

OWÓ TÍ A Ń FI RÁNṢẸ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò bá ìdílé wọn gbé níbí. Òfin ìlú ni pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá tó 4,000 dírámù, tàbí 3,000 pẹ̀lú ibùgbé, kò lè ṣe ìwé ìgbélùú fún aya àti ọmọ. Nítorí náà, àwọn bàbá àti ìyá kan ń pín yàrá pẹ̀lú àjèjì márùn-ún, ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá ní Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú-Òde.

Láti 1997 ni wọ́n ti so dírámù mọ́ dọ́là, 3.6725 sí dọ́là kan, kò sì yí padà. Náírà ló ń yí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 480 náírà ní ọjà ìjọba. Ní òpin 2024, ó ti kọjá 1,500. Ará ilé rò pé ọwọ́ wa ti kún, nítorí dírámù kan náà ti di náírà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì, epo ọkọ̀ àti owó ilé ìwé ti gun òkè bí náírà ṣe ń já. Ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ní wọn kò mọpẹ́, ẹni tó gbà á ní kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Owó kì í gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Owó kì í jí lóru fi omi tútù nu ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ìyá ẹni 70 ọdún tó tún ń tọ́ ọmọ kékeré ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí owó oṣù tó lè san án. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún pè wọ́n, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bóyá owó ti wọlé. Ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe: "Màámi, ẹ ṣé tí ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ṣé tí ẹ jókòó tì í kó fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú o." Bí ìwé ìròyìn wa yìí bá sì dé ọwọ́ ará ilé, kí àwọn náà gbọ́: ẹgbẹ̀rún dírámù kì í hù lára igi. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ló wú kó tó pé. Kí wọ́n bi ẹsẹ̀ náà léèrè kí wọ́n tó bèèrè òmíràn.

LẸ́NU IṢẸ́

Àjọ ìlera àgbáyé ya ọdún 2020 sọ́tọ̀ fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, nítorí ó pé 200 ọdún tí wọ́n bí Florence Nightingale. Ọdún náà gan-an ni àrùn Kòrónà dé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ayé, àwọn ènìyàn yọ sí ojú fèrèsé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Ó wú wa lórí, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń rántí ni alábàágbé tó gbé ọbẹ̀ ka ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, tí kò sì sá fún un nígbà tí àwọn mìíràn ń sá. Ọpẹ́ tó ní orúkọ nínú ló ń pẹ́.

Iṣẹ́ wa ní òfin kan: ohun tí o kò bá kọ sínú ìwé aláìsàn, o kò ṣe é. O lè ti fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò lè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọpẹ́ rí. Èyí tó wà nínú ọkàn tí kò dé etí ẹnikẹ́ni, ẹni tó yẹ kó gbà á kò lè mọ̀ pé ó wà.

Ṣùgbọ́n kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ọpẹ́ àti ìbẹ̀rù. Ẹ wo Ìyá Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó. Ní 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Aláìsàn kan kọ̀ kí wọ́n tọ́jú òun nítorí àwọ̀ ara wọn. Wọn kò torí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn, wọ́n sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Àwa nọ́ọ̀sì tó jáde láti ilé lọ sí òkè òkun lónìí, ojú ọ̀nà tí irú wọn là ni a ń tọ̀. Wọ́n kú ní 1992. Gbèsè ọpẹ́ wọn ṣì wà lọ́rùn wa, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni a ó sì ti san án.

Nítorí náà, ẹ dúpẹ́ pé ẹ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Láti 2009 ni ìjọba ibí ti ní ètò tó ń ṣọ́ bí owó oṣù ṣe ń wọ báǹkì òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Owó oṣù tó bá pẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ ṣeé gbé lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Òfin kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti gba ìwé ìrìnnà yín pamọ́. Láti oṣù kìíní 2023, ètò ìdójútòfò wà fún ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ojúlówó owó oṣù rẹ̀ kò ju 16,000 dírámù lọ ń san dírámù 5 lóṣù. Bó bá ti san án fún oṣù 12 léraléra, tí wọ́n sì dá a dúró láì jẹ́ pé ó hùwà àìtọ́ tàbí pé òun ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lè gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ojúlówó owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ṣé o ò mọpẹ́ ni?" gba èyí lọ́wọ́ yín.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Emmons àti Michael McCullough, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń kọ ohun márùn-ún tí wọ́n lè dúpẹ́ sí sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan ń kọ ohun tó bí wọn nínú, àwọn tó kù ń kọ ohun tó kàn ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn tó ń kọ ohun ọpẹ́ ní inú àwọn dùn sí ayé àwọn jù, ara sì ń ro wọ́n níwọ̀nba. Wọ́n tún wo àwọn tí àìsàn iṣan ń bá jà, àwọn tí wọ́n ń kọ ohun ọpẹ́ lójoojúmọ́ nínú wọn sùn dáadáa sí i. Àìsàn náà kò lọ, ẹ gbọ́ o. Oorun ló dára sí i. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òru rí mọ̀ pé oorun kì í ṣe ohun kékeré.

OHUN TÍ A Ó MÚ LỌ SÍLÉ

Láì fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun mẹ́rin ni a bẹ̀ yín kí ẹ ṣe kí oṣù yìí tó parí.

Èkíní, kí oúnjẹ alẹ́ tó tán, kí olúkúlùkù nínú ilé dárúkọ ohun kan tí ẹlòmíràn nínú ilé náà ṣe fún un lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe "ẹ ṣé fún gbogbo nǹkan". Ohun kan pàtó. Kí ọmọ kékeré ni kó kọ́kọ́ sọ.

Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní 2020, tàbí nígbà òjò 2024, tàbí nígbà tí ọ̀nà dí, kí wọ́n sì lọ kí i. Bó bá ti kúrò ní ìlú, ẹ pè é lórí fóònù.

Ẹ̀kẹta, lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá wọ́ọ̀dù mọ́ ń gba ẹ̀mí là bíi dókítà, nítorí àkóràn tí kò rí ilẹ̀ dúró sí kì í pa aláìsàn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá kí yín tí nǹkan kò sì dára, ẹ dúpẹ́, kí ẹ tún sọ òtítọ́. "A dúpẹ́, àmọ́ ẹ bá mi dá sí i." Ìtìjú kò sí nínú ìyẹn. Àwọn tó wọ omi lọ gba ínsúlínì kò bá mọ̀, ká ní bàbá yẹn kò sọ.

Ọlọ́run yóò máa fi ohun ọpẹ́ sí ilé gbogbo wa. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ á rí i. Àwọn tó ń retí ìdílé wọn á gbà wọ́n láyọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń bá wa tọ́mọ nílé á jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sí Dubai lálẹ́ yìí, ọ̀nà á là.